Kí la máa pe azeotrope? "Àhóìyí" ni tèmi

Ẹ̀yin ará ilé èdè, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo rí "àpòpọ̀ aláìṣeéyà" tí ẹ̀gbọ́n wa ará Ìpẹru gbé kalẹ̀ fún azeotrope, ìyẹn àpòpọ̀ olómi tí ìdá ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í yí padà bó ti ń hó, tí sísè kò fi lè yà á. Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀gbọ́n, n kò lè fi kọ́ ọmọ. Kẹ́místírì ni mò ń kọ́ wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ògógóró sì ni mo fi ń ṣàlàyé. Àwọn tó ń sè é ní Etí-Omi, lọ́nà Àbígí, á da ẹmu ògùrọ̀ tó ti kan sínú dúrọ́ọ̀mù, wọ́n á koná sí i nídìí, ooru rẹ̀ á gba inú páìpù kọjá nínú omi tútù, ọtí á sì máa kán tó, tó, tó. Bí wọ́n bá tún ọtí náà sè, á le sí i.

Ọmọ kan wá bi mí pé: "Sà, tá a bá ń tún un sè lọ títí, ṣé omi inú rẹ̀ ò ní tán ni?" Kò ní tán. Bí ẹ́tánọ́ọ̀lù (ọtí gan-an tó wà nínú ògógóró) bá ti di 95.6 nínú ìwọ̀n 100, tí omi ṣẹ́ ku 4.4, ooru tó ń jáde àti ohun tó wà nínú ìkòkò ti di ọ̀kan náà. 78.2 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n jọ ń hó, bẹ́ẹ̀ 78.4 ni ẹ́tánọ́ọ̀lù nìkan ń hó.

Ṣé kò wá ṣeé yà ni? Ó ṣeé yà! Ẹ da láìmù tí wọ́n ti sun sí i, á fa omi náà mu. Ẹ dín agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ̀ ẹ́ kù, ìdá náà á yí. Sísè lásán ni kò lè yà á. "Aláìṣeéyà" ti parọ́ fún ọmọ kó tó ṣíwèé.

Àbúrò wa ará Ṣàgámù dábàá "àhóìyà" (ohun tó hó tí kò yà), bí a ṣe ń sọ àwíìgbọ́ àti àjẹìyó. Ìṣẹ̀dá yẹn dùn mọ́ mi, mo gbé e lọ sí kíláàsì. Ìyà ni wọ́n gbọ́! "Sà, ìyà wo ló tún ń hó?" Ohùn kan náà ni, àlàyé ò ràn án.

Ni mo ṣe ní "àhóìyí". Wade àti Merriman ló dá azeotrope sílẹ̀ ní 1911 látinú èdè Gíríìkì: "a" ni àìsí, "zein" ni híhó, "tropos" ni yíyí. Hó, ì, yí: ó pé, tiwa tún kúrú.

Ọtí àti omi wọ̀nyí, àhóìyí atètèhó ni wọ́n. Wọn kò fara mọ́ra tó, kálukú ń ti èkejì jáde, wọ́n wá ń hó ṣáájú ibi tí èyíkéyìí nínú wọn ì bá ti dá hó. Ásíìdì HCl (hydrochloric acid) àti omi ní tiwọn dì mọ́ra pinpin. Bí ásíìdì bá jẹ́ 20.2 nínú ìwọ̀n 100, ó di 108.6 lórí òṣùwọ̀n Celsius kí wọ́n tó hó. Apẹ́hó nìyẹn. (Bí ìgbóná iná ṣe ga tó ni "pẹ́" ibí yìí, kì í ṣe ti aago.)

Èyí tó ṣì ń dà mí láàmú ni ti kilorofọ́ọ̀mù (kẹ́míkà olómi kan tí kì í pò mọ́ omi dáadáa) àti omi, tí ooru wọn máa ń pín sí ìpele méjì bó bá tutù, bí epo lórí omi. Mo ní kí n pè é ní "àhóìyí onípele", àmọ́ ooru rẹ̀ fúnra rẹ̀ ò ní ìpele kankan. Ẹ̀gbọ́n ará Ìpẹru, ẹ bá wa wá tìyẹn.