Àyè ìṣègùn ní UNILAG bọ́ mọ́ ọmọ mi lọ́wọ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́

Ìyá Aláǹkárá (Òkèpópó)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àkọ́bí mi obìnrin ṣe JAMB lọ́dún yìí, ó gba 271. Iṣẹ́ dókítà ló ń wí láti kékeré, UNILAG ló sì fi ṣáájú. Ó gba 19 nínú 30 ní post-UTME, ìdánwò tí UNILAG fúnra wọn ń ṣe. Nínú WAEC, ó ní A1 nínú Biology, B2 nínú Chemistry, B3 nínú Physics àti ìṣirò, C4 nínú Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ àwọn tó wọlé jáde, kò sí níbẹ̀. Wọ́n tún gbé àfikún jáde, kò sí níbẹ̀.

Ọmọ náà ò jẹun dáadáa mọ́. Kò fẹ́ bá mi dé ṣọ́ọ̀bù ní Balógun mọ́, torí pé ọmọ ẹni tá a jọ pín ìsọ̀ ti wọlé, ẹni tó bá sì ti rí i ló ń bi í pé, "Ìwọ ńkọ́?" Bàbá rẹ̀ ní ká wá owó yunifásítì aládàáni. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní kó gba ohunkóhun tí wọ́n bá fún un, kó dákẹ́. Ẹnì kan tún wá bá mi lọ́jà pé òun mọ ẹni tó lè bá wa rí sí i tá a bá ti lè san owó.

Èwo ni ká ṣe nínú gbogbo rẹ̀? Ẹni tó mọ bí ètò yìí ṣe ń lọ ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, tàbí ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí.

Olùkọ́ Ṣómólú

Mọ̀mí, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìdààmú. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀, torí inú ìṣirò yẹn ni ohun tó ṣẹlẹ̀ wà.

Bí UNILAG ṣe ń ṣe é láti ọdún mélòó kan nìyí. Wọ́n á fi 8 pín àmì JAMB: 271 di 33.875. WAEC ní àmì 20, ẹ̀kọ́ márùn-ún ni wọ́n ń kà. A1 jẹ́ 4, B2 jẹ́ 3.6, B3 jẹ́ 3.2, C4 jẹ́ 2.8. Ti ọmọ yín jẹ́ 16.8. Ẹ fi 19 tó gbà ní post-UTME kún un, gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ 69.675. Ìṣègùn ní UNILAG, àmì àwọn tó ń wọlé nípa àmì nìkan, láìka ìpínlẹ̀ wọn sí, ti ń lé ní 80 báyìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe èyí ní ìjákulẹ̀. Lọ́dún 2025, nínú bíi mílíọ̀nù méjì ọmọ tó ṣe JAMB, àwọn tí kò gba 200 lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Ọmọ tó gba 271 mọ̀wé. Àyè ni kò tó. MDCN, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ dókítà, ló ń sọ iye ọmọ tí ilé-ìwé ìṣègùn kọ̀ọ̀kan lè gbà, ìyà sì wà fún èyí tó bá kọjá iye yẹn. Nínú àyè táṣẹ́rẹ́ yìí, ètò yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ni pé 45 nínú ọgọ́rùn-ún lọ fún àmì nìkan, 35 fún ìpínlẹ̀ tó yí ilé-ìwé ká, 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ètò ẹ̀kọ́ wọn kò tíì gbéra dáadáa. Ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá ló ń bá ara wọn du 35 yẹn ní UNILAG. Ìpínlẹ̀ tí bàbá ọmọ ti wá ni wọ́n sì ń wò. Pé Òkèpópó ni wọ́n bí i sí kò sọ ọ́ di ọmọ Èkó lójú wọn.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe lónìí. Kó wọ CAPS, ojú òpó JAMB tí wọ́n ti ń gba ọmọ wọlé, kó má wo ojú ewé tó ń sọ bóyá wọ́n ti gbà á nìkan. Kó ṣí ibi tí wọ́n kọ "Transfer Approval" sí. Bí ilé-ìwé bá fẹ́ fún ọmọ ní kọ́ọ̀sì mìíràn, ibẹ̀ ló máa wà, ọmọ sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀. Mo ti rí ọmọ tó ń sunkún nílé nígbà tí kọ́ọ̀sì ń dúró dè é níbẹ̀. Kó tún yẹ̀ ẹ́ wò bóyá èsì WAEC rẹ̀ ti wọ ojú òpó JAMB. Bí kò bá sí níbẹ̀, bíi pé kò ní èsì rárá ni.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì

Ìyá wa, ẹ dúró ná. Ẹ ní ọmọ ò jẹun dáadáa. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀, kí ẹ tó tún ronú kan ilé-ìwé kankan.

Ẹ má fipá mú un wá sí Balógun fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ máa dá àwọn ará ọjà lóhùn. Ẹ wí fún wọn pé, "A ti ń ṣètò rẹ̀, ẹ bá wa fi àdúrà sí i," kí ẹ sì yí ọ̀rọ̀ padà sí aṣọ tí wọ́n wá rà. Ìyẹn ò jẹ́ irọ́, ó sì gba ọmọ lọ́wọ́ àlàyé tí kò yẹ kó máa ṣe fún gbogbo ayé. Nílé, ẹ má fi ọmọ ẹlòmíì wé e, ì báà ṣe láti fi gbà á níyànjú.

Ẹ jókòó tì í lálẹ́, kí ẹ bi í léèrè tààrà: "Ṣé ó ti ṣe ọ́ rí bíi pé kó o má sí láyé mọ́?" Ìbéèrè yẹn kò ní fi nǹkan tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sí i lọ́kàn. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, tàbí tí oorun ti dá lójú rẹ̀, tó ń sọ pé ìnira lòun jẹ́ fún yín, ẹ má fi ṣòfò. Ẹgbẹ́ kan wà ní LUTH, Ìdí-Àràbà, tí wọ́n ń pè ní SURPIN. Irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni iṣẹ́ wọn. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá náà ń dá èèyàn lóhùn. Àwọn kan á ní kí wọ́n má rí yín ní Yábàá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wí tẹnu wọn. Ọmọ yín ló ṣe pàtàkì.

Bàbá Ìkòròdú

Ẹni tó wá bá yín lọ́jà yẹn, ìyàwó wa, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Ẹ má sì fún un ní nọ́ńbà JAMB ọmọ yín, torí nọ́ńbà yẹn àti ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ ni wọ́n fi ń wọlé ba ti ọmọ jẹ́.

Láti 2017 tí CAPS ti bẹ̀rẹ̀, kò sí yunifásítì tó lè dá gba ọmọ lẹ́yìn rẹ̀ kó sì fìdí múlẹ̀. Ìwé gbígbàwọlé JAMB ni NYSC máa bi í lọ́jọ́ iwájú. Ìbátan mi kan sanwó fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Wọ́n fún un níwèé tó dán, ọmọ gbé ìwé náà dé ilé-ìwé, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n rí. Owó ò padà, ọdún náà ò sì padà.

Ọ̀rọ̀ ọkọ yín náà ṣeé gbọ́ o. Ilé-ìwé aládàáni kì í ṣe ìtìjú. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà ni ìṣègùn. Kí ẹ jókòó kọ owó ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí ìwé, pẹ̀lú ibùgbé àti oúnjẹ, kí ẹ sì gbà pé owó náà á máa lé sí i. Àwọn àbúrò rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ó ṣeé ṣe, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá NUC, àjọ tó ń rí sí yunifásítì, àti MDCN fọwọ́ sí ìṣègùn wọn. Ilé-ìwé lè ní ìwé àṣẹ NUC kó má tíì ní ti ìṣègùn.

Ọmọ Yábàá

Ẹ kú ọ̀sán, mọ̀mí. Èmi gba JUPEB wọlé, ètò ẹ̀kọ́ tí èèyàn ń ṣe kó tó wọ yunifásítì, mo sì fẹ́ sọ ibi tó dára sí àti ibi tó le. Ọdún kan ni, ẹ̀kọ́ mẹ́ta, 16 ni àmì tó ga jù lọ. Tó o bá ṣe dáadáa, 200 level lo máa bá wọlé, nípa Direct Entry. IJMB ti Zaria náà jọ bẹ́ẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni pọ̀ tó ń kọ́ ọmọ sílẹ̀ fún wọn káàkiri Èkó, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni wọ́n fọwọ́ sí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àjọ tó ń ṣètò ìdánwò náà gan-an.

Kọ́ọ̀sì tí mo gbà ni mo fẹ́, mi ò du ìṣègùn. Àwọn tó du ìṣègùn nínú kíláàsì wa, díẹ̀ ló rí i gbà, torí àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún Direct Entry tún kéré ju ti JAMB lọ. Torí náà mi ò lè sọ fún yín pé JUPEB ni kó lọ, àfi tó bá ní kọ́ọ̀sì kejì tó wù ú tọkàntọkàn.

Ìyá Ìbejì Agége

Èmi ò mọ ìṣirò tí olùkọ́ ṣe yìí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọmọ tèmi sọ pé òun ò lọ sí ibòmíì yàtọ̀ sí UNILAG ní Akọkà. Ó lo ọdún kan nílé, ó tún lo òmíràn. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló mú LASUSTECH wá, èyí tó jẹ́ pólí ní Ìkòròdú kí ìjọba tó sọ ọ́ di yunifásítì lọ́dún 2022. Inú rẹ̀ dùn níbẹ̀. Àwa ò bá a yàn án, ìyẹn ni mo rò pé ó jẹ́ kó dúró.

Ìyá Aláǹkárá (Òkèpópó)

Ọlọ́run á san án fún gbogbo yín. Mo ti ní kí ẹni ọjà yẹn má dé ìsọ̀ mi mọ́.

Àǹtí, mo bi í ní ìbéèrè yẹn lálẹ́ àná. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n kí n tó lè sọ ọ́ jáde. Ó ní rárá, kò tíì ro ìyẹn, pé ohun tó ń dun òun ni pé owó ẹ̀kọ́ àfikún àti owó fọ́ọ̀mù tí mo ná ti ṣòfò. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó ló wà lọ́kàn ọmọ mi! Mo sọ fún un pé kò jẹ mí ní gbèsè kankan. A jọ sunkún, ó sì jẹ ẹ̀bà.

Olùkọ́, a wo ibi tẹ́ ẹ sọ. Physiology, ẹ̀kọ́ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, wà níbẹ̀! Bàbá rẹ̀ ti dákẹ́ lórí ilé-ìwé aládàáni báyìí. Ṣùgbọ́n ọmọ ń béèrè pé tóun bá gbà á, ṣé òun tún lè ṣe JAMB lọ́dún tó ń bọ̀ fún ìṣègùn?

Olùkọ́ Ṣómólú

Inú mi dùn gan-an. Ó lè tún un ṣe, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ fi í pamọ́: JAMB fẹ́ kí ọmọ tó ti ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ní ilé-ìwé kan sọ ọ́ nígbà tó bá ń gba fọ́ọ̀mù tuntun. Kò sì lè di ipò méjì mú lẹ́ẹ̀kan náà.

Kó mọ ohun tí ọdún tó ń bọ̀ máa béèrè. Pẹ̀lú WAEC tó ní yìí, tó bá gba 310 ní JAMB àti 25 ní post-UTME, 80.55 ló máa ní, kò sì tíì dájú. Bó bá tún WAEC ṣe, tó gba A1 márààrún, 290 àti 24 máa fún un ní 80.25. Ìjókòó kan ṣoṣo ni wọ́n ń fẹ́ fún ìṣègùn, torí náà gbogbo ẹ̀kọ́ márààrún ni kó tún ṣe. Kò lè mú ti àtijọ́ pọ̀ mọ́ tuntun. Kó ṣe ìyẹn kó sì máa lọ sí kíláàsì 100 level ní Akọkà, ó le gan-an. Mo ti rí ẹni tó dán an wò tí méjèèjì bàjẹ́.

Èrò tèmi ni pé kó gba Physiology. Àwọn ilé-ìwé ìṣègùn kan ń gba ẹni tó ti ní oyè rẹ̀ wọlé nípa Direct Entry, Physiology fúnra rẹ̀ sì jẹ́ iṣẹ́. Kó má kàn gbà á tìtorí pé ó rò pé wọ́n á gbé òun kọjá sí ìṣègùn lẹ́yìn ọdún kan; ìyẹn ṣọ̀wọ́n. Tó bá ka gbogbo èyí tó ṣì wí pé ìṣègùn lòun máa tún du, ẹ dúró tì í.

Bó bá gbà, kó fọwọ́ sí i ní "Transfer Approval" kíákíá. Tí orúkọ bá ti jáde lórí CAPS, kó tẹ "Accept", kó tẹ ìwé gbígbàwọlé JAMB jáde, kó sì máa wo ojú òpó UNILAG fún owó ìgbàwọlé àti ọjọ́ tí wọ́n á yẹ ìwé wò. Kó mú ojúlówó WAEC, ìwé ọjọ́ ìbí àti ìwé ìpínlẹ̀ bàbá rẹ̀ dání. Ìwé ìpínlẹ̀ yẹn ló máa ń pẹ́ jù, kí bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a láti ìsinsìnyí.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bi í, ìyá. Ẹ tún bi í lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kódà tó bá ti gba Physiology.