Ẹ̀yin tí ẹ ń darí bàálù láti orí ilẹ̀, báwo ni ètò ìpààrọ̀ iṣẹ́ ṣe ń rí lára yín?

Ọmọ Ìkẹjà: Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Ẹ jẹ́ kí a sọ ìrírí wa, kí àwọn ará ilé wa náà sì dá sí i. Ní tèmi, iṣẹ́ òru kò nira tó iṣẹ́ àárọ̀ tí ó tẹ̀ lé iṣẹ́ ọ̀sán. Bí mo bá kúrò níbi iṣẹ́ lálẹ́, tí mo sì gbọ́dọ̀ padà kí ilẹ̀ tó mọ́, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ti jẹ nínú oorun mi kí n tó délé.

Ìyá Ìbejì: Ọkọ mi ni adarí ní tiwa. Bí ó bá ti iṣẹ́ òru dé, mo máa ń kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá mi kí ilé lè pa rọ́rọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá mi pa ẹ̀rọ amúnáwá àwọn aládùúgbò?

Ará Maryland: Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Ìkẹjà, ètò yẹn wà níbí ní Amẹ́ríkà náà, "rattler" ni wọ́n ń pè é: ọ̀sán méjì, àárọ̀ méjì àti òru kan láàárín ọjọ́ márùn-ún. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìsinmi gígùn tí ó máa ń tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ àìsùn: ní Lexington, ní Kentucky, lọ́dún 2006, bàálù ilé-iṣẹ́ Comair gba ojú ọ̀nà ìgbéra tí kò gùn tó, ènìyàn 49 sì kú. Àwọn awakọ̀ bàálù náà ni ìwádìí dá lẹ́bi, ṣùgbọ́n adarí kan ṣoṣo ló wà nínú ilé gogoro, kò sì sùn ju nǹkan bí wákàtí 2 lọ kí ó tó wọṣẹ́. Lọ́dún 2024 ni FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà, kéde wákàtí 10 fún ìsinmi láàárín iṣẹ́ méjì, àti 12 ṣáájú iṣẹ́ òru.

Àgbà Adarí: Ẹ yọ ọ̀nà, oúnjẹ àti ìwẹ̀ kúrò nínú 10 yẹn, kí ẹ wo ohun tí ó kù.

Ará Maryland: Òótọ́ ni, bàbá. Ṣáájú 2011, wákàtí 8 péré ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ Zaria: Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹnì kan kò lè sùn díẹ̀ lóru nígbà tí ẹnì kejì ń ṣọ́?

Ọmọ Ìkẹjà: Rárá, àbúrò. Ohun tí wọ́n ṣe ní Zurich, ní Switzerland, nìyẹn ní oṣù Keje ọdún 2002: ẹnì kejì lọ sinmi, ẹnì kan ṣoṣo ń dá iṣẹ́ ibi méjì ṣe, bàálù méjì kọlu ara wọn lókè Überlingen ní Germany, ènìyàn 71 sì kú.

Àgbà Adarí: Ẹ má di ẹ̀bi ru oorun. Wọ́n ń tún ẹ̀rọ ṣe lóru ọjọ́ náà, tẹlifóònù kò ṣiṣẹ́ dáadáa, àwọn ọ̀gá sì ti mọ̀ tipẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó máa ń kù. Ẹni tí ó bá ń ṣètò iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ka ìsinmi mọ́ iye ènìyàn tí ó nílò. Bí méjì bá gbọ́dọ̀ jókòó, orúkọ mẹ́ta ni kí ó kọ.

Ará Manchester: Ní Britain, a kì í jókòó kọjá wákàtí 2 láìsinmi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ọmọ Ìkẹjà: Mo gbà, bàbá, ṣùgbọ́n níbo ni ẹni kẹta yóò ti wá?

Ìyá Ìbejì: Ẹ gbà wọ́n síṣẹ́, kí ẹ sì kọ́ wọn. Ọkọ mi ló ń ṣe iṣẹ́ ẹni kẹta náà báyìí, ní ọjọ́ ìsinmi rẹ̀.