Ẹ gbà mí o: ráútà wo ni kí n rà ní Bàrígà?

Àdùkẹ́ B. (Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́)
Ẹ káalẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, kíákíá ni. Wọ́n fẹ́ fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò fún iṣẹ́ lórí Zoom ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fi mí ṣeré. Lánàá tí mo ń bá àbúrò mi sọ̀rọ̀ lórí fídíò, ẹnu ẹ̀ kàn là sílẹ̀, kò pa á dé mọ́. Ráútà wo ló dáa? Owó ò pọ̀ lọ́wọ́ o.

Ọmọ Ṣómólú (9:20)
Bàrígà wo? Ọ̀nà Ilàjẹ ni àbí ọ̀nà Akoka? Ọ̀tọ̀ ni ti ibì kọ̀ọ̀kan. Ṣá ra 5G. 5G lọba.

Màmá Aláṣọ (9:31)
Ráútà kẹ̀? Ẹ má dán an wò! Mi ò ní dárúkọ wọn, nítorí mi ò fẹ́ wàhálà. Mo lọ sí Computer Village, ọmọkùnrin kan fi ẹnu dídùn gbé mi. Ó ní 5G ni, ó ní "ọ̀nlímítẹ́ẹ̀dì", pé kí èmi àtàwọn ọmọ máa wò ó títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ó ń sáré bí ọ̀kadà tí tásíkì fọ́ọ̀sì ń lé. Nígbà tó di ọjọ́ kẹtàlá, WhatsApp lásán, àwòrán ò ṣí. Mo pè wọ́n. Wọ́n ní mo ti kọjá "fair usage". Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Wọ́n ní iye dátà tí èèyàn lè lò kí wọ́n tó dín ìsáré ẹ̀ kù ni, pé ó wà nínú ìwé. Ìwé tí lẹ́tà ẹ̀ kéré ju ojú èèrà lọ! Mo gbé e padà lọ sí ìsọ̀ tí mo ti rà á, ìyá kan ló ń ta bàtà níbẹ̀.

Báyọ̀ Oníbúrẹ́dì (9:33)
Màmá, ṣé Otigba Street ni? Irú ẹ̀ ṣe mí rí.

Ọmọge Yábàá (9:35)
Èmi náà! Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n náírà mi wọlẹ̀ ṣin.

Ìyá Ìbejì (9:41)
Ẹ jẹ́ kí n bi yín, ta ló ń jí dátà mi? 10GB ò pé ọjọ́ mẹ́ta. Àfi bíi pé àwọn ìbejì ń bù ú mu.

Bọ̀ọ̀dá Wáyà (9:58)
Ìyá Ìbejì, kò sẹ́ni tó jí i. Fídíò Facebook tó ń ṣí fúnra ẹ̀ àti fóònù tó ń ṣe ọ̀pdéètì lóru, àwọn ni. Ẹ tẹ *323# kí ẹ tó sùn, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ lówùúrọ̀, ẹ ó rí i.

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ má tíì rà nǹkan kan. Zoom ò jẹun tó bí ẹ ṣe rò. Àwọn Zoom fúnra wọn kọ ọ́ síta pé tó bá jẹ́ ẹ̀yin àti ẹnì kan, ìsáré 600 kbps (0.6 Mbps) gbé e, tí ẹ bá sì fẹ́ kí ojú mọ́ dáadáa, 1.2 Mbps ní lílọ àti bíbọ̀. Lílọ yẹn, tí wọ́n ń pè ní upload, ló ń mú kí ojú yín dì lọ́dọ̀ wọn, òun lẹ kì í wò. Báà nẹ́tíwọ́ọ̀kì mélòó ló wà lórí fóònù yín?

Àdùkẹ́ B. (10:02)
Báà kún fọ́fọ́ sà. Ìyẹn gan-an ló ń yà mí lẹ́nu.

Bọ̀ọ̀dá Wáyà (10:09)
Báà kàn ń sọ pé fóònù yín ń gbọ́ ohùn òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Kò sọ iye èèyàn tó ti rọ̀ mọ́ òpó náà. Dáńfó dúró lẹ́nu ilé yín, ṣé ó ní kí ààyè wà nínú ẹ̀?

Ọmọ Ṣómólú (10:12)
Ẹ fi àlọ́ sílẹ̀ jàre. Mo fa 200 Mbps lórí 5G ní Sátidé.

Bọ̀ọ̀dá Wáyà (10:15)
Níbo lo dúró sí?

Ọmọ Ṣómólú (10:16)
Lójú títì.

Bọ̀ọ̀dá Wáyà (10:24)
Ẹ ṣáà gbọ́. Ìgbì rédíò 3.5GHz ni wọ́n fi gbé 5G kalẹ̀ níbí. Ó ń ru ẹrù púpọ̀, ṣùgbọ́n ògiri búlọ́ọ̀kù tètè máa ń dá a dúró ju 800MHz tí àwọn kan fi ń gbé 4G. Bóo bá wọ yàrá, fóònù á padà sórí 4G fúnra ẹ̀. 200 tóo sì ń pè yẹn, bíìtì ni, kì í ṣe báìtì: pín in sí mẹ́jọ kóo tó rí báìtì.

Àlàájì Fàdéyí (10:40)
5G yìí náà kọ́ ló kó kòrónà wá ní 2020?

Ọmọge Yábàá (10:43)
Àlàájì, September 2022 ni MTN ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ 5G ní Nàìjíríà. Kòrónà wá tẹsẹ̀ rìn ṣíwájú ni?

Màmá Aláṣọ (10:45)
Ẹ̀ ń jà lórí 5G, ẹnikẹ́ni ò dá mi lóhùn nípa owó mi.

Àdùkẹ́ B. (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:05 àárọ̀)
Mo gbàgbé láti sọ, yàrá ẹ̀yìn nísàlẹ̀ ni mò ń gbé. Ilé alájà mẹ́ta ni.

Bọ̀ọ̀dá Wáyà (7:30)
Àtàná! Ẹ bá ti tètè sọ bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, òpó tí fóònù yín ń bá sọ̀rọ̀ náà ni ráútà máa bá sọ̀rọ̀, kì í wá pẹ̀lú òpó tiẹ̀. Ẹ yá síìmù nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì míì lọ́wọ́ àwọn ará ilé, ẹ gun òkè lọ, ẹ dán wọn wò ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ gan-an. Ti alẹ́ ò ka nǹkan kan, gbogbo àdúgbò ló wà lórí ẹ̀ nígbà yẹn. Ìwọ̀nba 2GB tó yín fún Zoom náà.

Àdùkẹ́ B. (Ọjọ́rú, 6:48 ìrọ̀lẹ́)
Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Mo ti ra ráútà 5G. Ọ̀rẹ́ bọ̀ọ̀dá mi ló ń tà á, ó bá mi dín in kù. Ó ní ọ̀nlímítẹ́ẹ̀dì ni.

Màmá Aláṣọ (6:50)
Yéè!

Bọ̀ọ̀dá Wáyà (7:11)
Kò burú. Ẹ gbé e sójú wíńdò, kí ẹ sì ra dátà sórí fóònù síbẹ̀síbẹ̀.

Àdùkẹ́ B. (Ọjọ́bọ̀, 10:26 àárọ̀)
A ti ṣe é. Inú ọkọ̀ ọ̀rẹ́ bọ̀ọ̀dá mi lójú títì ni mo jókòó sí, fóònù ni mo lò. Wọ́n ní àwọn á pè mí. Ta ló fẹ́ ra ráútà? Mi ò tíì ya ike ojú ẹ̀ tán.