Ẹ̀dá ìtàn wo ni kí n mú fún àwọn ọmọ wọ̀nyí?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtàn ẹgbére àti ẹní rẹ̀ ti sú àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Kappa ilẹ̀ Jàpáànù ni mo fẹ́ràn jù: inú odò ló ń gbé, ó ní ìkarahun bíi ti ìjàpá, àtàrí rẹ̀ jin kòtò, omi ló sì wà níbẹ̀. Tí èèyàn bá tẹríba kí i, òun náà á tẹríba, omi á dànù, agbára á tán. (Ọmọlúàbí ni, àbí?) Ṣùgbọ́n wọ́n ní ó máa ń fa ọmọdé wọ odò, àbíkẹ́yìn wọn sì lójo. Ṣé kí n fo ibẹ̀ ni? Ẹ̀dá wo lẹ̀yin fẹ́ràn tí kì í dẹ́rù ba ọmọ?