Ẹ̀bùn ìparí táàmù tí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fún olùkọ́ rẹ̀: ẹ wá sọ tiyín

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Tanke, Ìlọrin

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Bí ilé-ìwé bá ti ń múra àtiparí nínú oṣù Kejìlá báyìí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn olùkọ́ máa ń di wàhálà. Níbi tí àwọn ọmọ mi wà tẹ́lẹ̀, òbí kan á gbé odindi ankara wá, òmíràn á gbé àpò ìrẹsì, ẹni tí kò bá rówó á kàn yọ́ wọlé mú ọmọ ẹ̀, á yọ́ jáde. Èmi ò lè bá wọn du ìyẹn. Kérésìmesì gan-an kì í ṣe ọdún tiwa nílé, Mùsùlùmí ni wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń bá ọmọ mi nu imú láti oṣù Kẹsàn-án, ó yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ọdún wa ni o, ọdún wọn ni o.

Òrí ni mo fi yanjú ẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ọyẹ́ Ìlọrin: ètè á là, gìgísẹ̀ á sán. Ẹ wá fi ṣọ́ọ̀kì tí olùkọ́ ń dì mú láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kún un. Ọwọ́ wọn á ti gbẹ pátápátá. Nǹkan tí àǹtí ì bá fowó ara ẹ̀ rà ni mo fẹ́ kí ọmọ mi ṣe fún un, kì í ṣe nǹkan tó máa gbé sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọjà Ọba ni mo ti rà á. Apá Kaiama àti Baruten, níbi tí igi òrí pọ̀ sí, ni wọ́n ti ń kó ọ̀pọ̀ rẹ̀ wá. Ẹ gbóòórùn ẹ̀ kí ẹ tó sanwó, èyí tó bá ti ń kan kò dáa. Ẹ má gbé e ka iná tààrà. Mo bu omi gbígbóná sínú abọ́ ńlá, mo gbé abọ́ òrí sínú ẹ̀, ó yọ́ fúnra ẹ̀. Iṣẹ́ àgbà nìyẹn, ọmọ kankan kò sí nítòsí. Mo fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, torí òrí ọjà kì í ṣaláìní pàǹtí. Òrí ife kan, òróró àgbọn ṣíbí méjì. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bà á jẹ́ wá nìyí: tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ kó máa tutù díẹ̀díẹ̀, inú ẹ̀ á ní kóró-kóró bíi gàrí. Inú omi tútù láti fíríìjì ni kí ẹ gbé abọ́ náà sí, kí ẹ máa fi fọ́ọ̀kì lù ú, ẹ má sinmi.

Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Àkọ́bí ń lù ú, èkejì ń ka iye ìgbà tó lù ú, àbíkẹ́yìn ti fìka lá a (mo ní kó tutọ́ ẹ̀ dànù). Bó ṣe kúrò ní yẹ́lò tó di funfun, tó sì wú, ariwo ni wọ́n fi bọnu. Mo kán lọ́fínńdà díẹ̀ sí i, ti kékeré tí Alhaja ìyá ọkọ mi mú ti Mẹ́kà bọ̀, torí kì í ṣe gbogbo èèyàn ló fẹ́ràn òórùn òrí. Wọ́n wá ń rọ ọ́ sínú ike kéékèèké olómorí. Ọmọ ọdún márùn-ún kò lè rọ nǹkan kó má dà á sílẹ̀ o, ẹ yáa tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀.

Ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ọn ni mi ò lè gbàgbé. Èkejì mi, tó wà ní Nọ́sìrì Kejì, kọ FUN ATI MI gàdàgbà gàdàgbà. Ó ya Àǹtí sábẹ́ ẹ̀: orí rìbìtì, etí ńláńlá méjì, gèlè, àti pàṣán tó gùn ju Àǹtí fúnra wọn lọ. Mo ní kó pa pàṣán rẹ́. Ó wò mí. "Mọ́mì, tí mo bá pa á rẹ́, wọn ò ní mọ̀ pé àwọn ni." Mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Àǹtí rí i, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wá ìjókòó, wọ́n sì pe àwọn àǹtí kíláàsì kejì wá wò ó. Nígbà tí ilé-ìwé wọlé padà, wọ́n bi mí bóyá mo ń ta òrí yẹn.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ bá ọmọ yín ṣe, báwo ni wọ́n ṣe gbà á?

Olùkọ́ nọ́sìrì, Ọ̀fà

Ìyá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí olùkọ́ kì í sọ lójú òbí. Oúnjẹ tí a kò mọ ọwọ́ tó sè é, ọ̀pọ̀ nínú wa kì í jẹ ẹ́. Kì í ṣe ìgbéraga, ayé tí a wà yìí ni. Láti kékeré ni ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni gbogbo, ṣé torí ṣinṣín ni mo ṣe máa wá gbàgbé? Ọmọ á gbé e wá, á dúró tì mí: "Àǹtí, ẹ jẹ ẹ́." Mo máa ń ní mo ń gbààwẹ̀. Ó ti wá ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu pé ààwẹ̀ tèmi kì í tán.

Ìyá kan ló mọ bí wọ́n ti ń ṣe é. Dòǹkwà ni òun àtọmọ ẹ̀ ṣe: ẹ̀pà yíyan, àgbàdo yíyan, ata ilẹ̀, ata díẹ̀, ṣúgà, wọ́n lọ̀ ọ́ pọ̀, ọmọ wá ń fọwọ́ ṣù ú. Ó tọ̀ mí wá láàárọ̀, ó ṣí ike, ó mú ọ̀kan ó gé e jẹ, ó fún ọmọ ẹ̀ ní ìyókù, ó wá na ike náà sí mi. "Àǹtí, ẹ bá wa fọwọ́ kàn án, a ti tọ́ ọ wò." Ó tán. Mo jẹ ẹ́ tán kí agogo ìsinmi tó lù. Àwọn kan tóbi, àwọn kan kéré, ojú ìka ọmọ sì wà lára òmíràn gbangba. Èyí tó bá ti rí rogodo dọ́gba-dọ́gba, a mọ̀ pé ìyá ló jókòó ṣe é lóru.

Káàdì ni mi ò kì í sọnù ní tèmi. Ẹ mọ̀ pé ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹwàá ni Àyájọ́ Àwọn Olùkọ́ Lágbàáyé, láti 1994 ni UNESCO ti ń ṣe é. À ń yan lórí pápá lọ́jọ́ náà, à ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn òṣèlú. Lọ́dún kan, ọmọ kan mú káàdì wá fún mi. Ó ti fi omi pòròporo ọkà bàbà, èyí tí àwọn Fúlàní fi ń sọ wàrà di pupa, kun ẹ̀yìn ewé máńgòrò, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ kádíbọ́ọ̀dù. Àwọ̀ ẹ̀ ti ń ṣá báyìí, ṣùgbọ́n iṣan ewé yẹn ṣì hàn ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ife ti tó o. Mo ní ife tí mo lè fi ṣe ìnáwó.

Bàbá kan, télọ̀, Òmù-Àrán

Ẹ kú ìjókòó níbí o. Ìyàwó mi lọ bá àbúrò ẹ̀ tó bímọ, ìparí táàmù wá bá èmi àti ọmọ ọdún mẹ́fà nílé. Mi ò mọ òrí í lù. Àjákù aṣọ ló wà lọ́wọ́ mi. Mo sì ti rí i pé àfọ́kù fóòmù bẹ́ẹ̀dì ni olùkọ́ wọn fi ń nu pátákó.

Mo ní kọ́mọ ṣa ankara tó wù ú nínú àpò àjákù. Ó tú gbogbo ẹ̀ dàálẹ̀, ó sì lọ mú aṣọ oníbàárà lórí tábìlì (mo gbà á padà, ó sunkún díẹ̀). Mo fi ẹ̀rọ rán ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, òun ń ki fóòmù bọ̀ ọ́ títí ó fi le. Mo wá fún un ní abẹ́rẹ́ ńlá tí ẹnu ẹ̀ kò mú, pẹ̀lú òwú nípọn, ó rán ẹ̀gbẹ́ kẹrin pa. Ojú ìránṣọ ẹ̀ wọ́ lọ wọ́ bọ̀, mi ò tún un ṣe. Mo so okùn mọ́ ọn kí wọ́n lè fi kọ́ ìṣó.

Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, aṣọ òwú ni kó lò, òun ló ń gbá ṣọ́ọ̀kì. Léèsì àti sílíkì á kàn máa yọ̀ lórí pátákó ni. Ọ̀gá àgbà rí i, ó ní kí n ṣe ti gbogbo kíláàsì. Wọ́n sanwó o.

Ìyá ìbejì, Àjàṣẹ́-Ìpo

Ọ̀rọ̀ olùkọ́ Ọ̀fà yẹn wọ̀ mí létí. Sobo gbígbẹ ni a fi ṣe tiwa, a dà á sínú ìgò oyin tó ti ṣófo, pẹ̀lú ata ilẹ̀ gbígbẹ àti kànáfùrù. Ẹ̀rù kò ba ẹnikẹ́ni, torí olùkọ́ fúnra ẹ̀ ló máa sè é nílé ara ẹ̀. Ìjà nìkan ló pọ̀: Táyé fẹ́ po gbogbo ẹ̀ pọ̀, Kẹ́hìndé fẹ́ tò ó ní ìpele-ìpele. Ìgò méjì ni mo fi làjà. Ẹ ṣáà jẹ́ kí ìgò gbẹ dáadáa kí ó má bu.

Ìyá Tanke, ìbéèrè. Ústáàsì tó ń kọ́ wọn ní Kùránì ni mo fẹ́ ṣe òrí fún nígbà Ìtúnu Ààwẹ̀, ó sì ti ń bọ́ sínú ooru báyìí. Kò ní yọ́?

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Tanke, Ìlọrin

Ìyá ìbejì, á yọ́ o, pàápàá tó bá wà nínú mọ́tò. Ẹ wá ìda oyin lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta oyin, ẹ yọ́ ṣíbí kan mọ́ òrí ife kan, á dì mú. Ọwọ́ àgbà ni kó wà títí tó fi yọ́, ìda gbóná ju òrí lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí omi kankan kàn án. Ẹ bá mi kí Ústáàsì.