Heathrow: ẹ wo tíkẹ́ẹ̀tì yín dáadáa kí ẹ tó kúrò l'Ékòó

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àwa mélòó kan la máa sọ̀rọ̀ níbí, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìrìn inú Heathrow, pápákọ̀ òfurufú ńlá London, ló máa ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù: ibo ni kí n yà sí, ṣé mi ò ní sọnù? Ìrìn yẹn kọ́ ni wàhálà. Àmì ìtọ́ka wà káàkiri ibẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì tí èèyàn rà kó tó gbéra nílé ló máa ń dá ọ̀rọ̀ rú.

Bí ẹ bá ń ti Èkó lọ sí Toronto tàbí Houston, tí ẹ ó sì pààrọ̀ bàálù ní London, ẹ wò ó bóyá tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni, tàbí méjì tí aṣojú kó pọ̀ kí owó lè dínkù. Bó bá jẹ́ ọ̀kan, àmì ìforúkọsílẹ̀ oní-lẹ́tà-àti-nọ́ńbà mẹ́fà (booking reference) kan náà ló sábà máa ń wà lórí ìrìn méjèèjì, wọ́n á sì fi ẹrù ránṣẹ́ tààrà débi tẹ́ ẹ̀ ń lọ. Bó bá jẹ́ méjì, London ni ẹrù sábà máa ń dúró sí. Ẹ ó kọjá lọ́dọ̀ àwọn ìmígíréṣọ̀n, ẹ ó gbé báàgì yín, ẹ ó lọ tò ní káńtà, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Èyí ló ń pinnu irú físà tẹ́ ẹ nílò. Ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ pààrọ̀ bàálù láìkọjá ìmígíréṣọ̀n ní láti gba Direct Airside Transit Visa, àfi tó bá ní ohun tó yọ ọ́ sílẹ̀, bíi físà Amẹ́ríkà, Kánádà, Ọsirélíà tàbí New Zealand tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Ṣùgbọ́n físà ìkọjá yẹn kò ṣí ẹnu ọ̀nà ìmígíréṣọ̀n. Ẹni tó máa jáde lọ gbé ẹrù ní òfin tirẹ̀, Visitor in Transit visa ló sì sábà máa ń nílò. Ẹ lọ wò ó lórí gov.uk kí ẹ tó sanwó, torí òṣìṣẹ́ bàálù l'Ékòó ló máa kọ́kọ́ dá yín padà, kì í ṣe àwọn ti London.

Ní káńtà, bí wọ́n bá ti lẹ ìwé mọ́ báàgì yín, ẹ wo lẹ́tà mẹ́ta ńlá tó wà lórí rẹ̀. YYZ ni Toronto, IAH ni Houston. Bí ẹ bá rí LHR, London ló parí sí nìyẹn. Ojú ẹsẹ̀ ni kí ẹ bi òṣìṣẹ́ náà, kí báàgì tó wọlé lọ. Ẹ má sì ju ìwé kékeré tí wọ́n fún yín nù, torí nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀ ni wọ́n á fi wá ẹrù tó bá sọnù.

* * *

Bọ̀dá, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n fi ti pápákọ̀ náà fúnra rẹ̀ kún un.

Tẹ́mínà mẹ́rin ló ń ṣiṣẹ́ ní Heathrow: 2, 3, 4 àti 5. Wọ́n ti ti 1 pa láti 2015, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wá a. Ẹsẹ̀ lèèyàn lè fi rìn láti 2 dé 3. 4 àti 5 jìnnà, ọkọ̀ ojú irin ló ń gbé èèyàn lọ síbẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni láàárín tẹ́mínà sí tẹ́mínà. Ẹ ka ohun tó wà níwájú ọkọ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́, torí ọkọ̀ tó ń lọ sí 4 yàtọ̀ sí èyí tó ń lọ sí 5.

Ẹni tó ń pààrọ̀ bàálù lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo kò nílò ọkọ̀ ojú irin yẹn rárá. Bí ẹ bá ti sọ̀kalẹ̀, ẹ wá àmì aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n kọ Flight connections sí. Ẹ má tẹ̀ lé èrò o! Ọ̀pọ̀ wọn ń lọ sílé, ọ̀nà ìmígíréṣọ̀n ni wọ́n ń gbà. Àmì àlùkò náà máa mú yín dé ibi tí bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ wà bó bá jẹ́ tẹ́mínà mìíràn lẹ̀ ń lọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tún yẹ ara àti báàgì ọwọ́ yín wò. Ẹni tó bá ra ohun olómi ní duty free l'Ékòó kò gbọ́dọ̀ ya ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ pa náà, kó sì tọ́jú rìsíìtì sínú rẹ̀.

Tẹ́mínà 5 ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ilé mẹ́ta ló wà níbẹ̀, A, B àti C, ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ló sì so wọ́n pọ̀. Inú A ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù wà. Bí bọ́ọ̀dù bá gbé géètì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú B tàbí C jáde, ẹ ka ogún ìṣẹ́jú sílẹ̀, kí ẹ sì dìde lójú ẹsẹ̀. Wọ́n máa ń ti géètì kí àkókò ìgbéra tó tó, nítorí náà aago tí wọ́n kọ sórí boarding pass fún ìgbéra kọ́ ni kí ẹ máa wò.

* * *

Fún àwọn tó ń pe ìyá tàbí bàbá wọn wá: ẹ bèèrè ìrànlọ́wọ́ kẹ̀kẹ́ ìjókòó lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ bàálù, ó kéré tán wákàtí 48 ṣáájú. Ọ̀fẹ́ ni. Àmì mẹ́ta ló wà, ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń mú èyí tí kò yẹ. WCHR ni ti ẹni tó lè gun àtẹ̀gùn àmọ́ tí kò lè rìn jìnnà. WCHS ni ti ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn. WCHC ni ti ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbé dórí àga. Bí ẹ bá kọ WCHR fún màmá tí orúnkún ń dùn, tí bàálù wá dúró síbi tí àtẹ̀gùn nìkan wà, màmá á dúró títí wọ́n á fi wá ohun èlò mìíràn.

Oògùn màmá, lẹ́tà ìpè, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù yín, inú báàgì ọwọ́ ni kí gbogbo rẹ̀ wà, lórí bébà. Fóònù lè kú.

* * *

Àǹtí, ẹ ò sọ̀rọ̀ oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ gan-an ni ìjà!

Ẹran kankan kò gbọ́dọ̀ wọ Ìlú Ọba láti Nàìjíríà: kílíṣí, ṣàkì, ẹran ìgbẹ́. Wàrà náà ńkọ́? Rárá. Ẹja gbígbẹ lọ́nà wà fún, títí dé 20 kílò fún ẹnì kan. Iṣu, ata tútù àti ẹ̀fọ́ tútù nílò ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ ìjọba pé kòkòrò kò sí lára wọn. Ọ̀pẹ̀yìnbó, àgbọn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò nílò rẹ̀. Bí ohun kan bá ń ṣe yín ní kọ́núkọ́họ, ẹ gba ọ̀nà pupa lọ́dọ̀ àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù, ìyẹn ti ẹni tó ní ohun láti kéde, kí ẹ sì sọ ọ́. Wọ́n á gbà á, ẹ ó sì máa lọ. Ẹni tó gba ọ̀nà àwọ̀ ewé (ti ẹni tí kò ní ohun láti kéde) pẹ̀lú ẹran lábẹ́ aṣọ ni wọ́n máa ń dá dúró. Owó tó bá tó 10,000 pọ́n-ùn náà, dandan ni kí ẹ kéde rẹ̀.

Power bank, báàgì ọwọ́ ni o, kì í ṣe inú ẹrù. Èyí tó bá ju 100Wh lọ, tó ń lọ bíi 27,000mAh, nílò àṣẹ ilé iṣẹ́ bàálù.

Bí báàgì bá fọ́ tàbí tí kò dé, ẹ má jáde láìgba ìwé PIR, ìyẹn ìwé ìfisùn ẹrù, ní káńtà ẹrù. Ọjọ́ 7 ni òfin Montreal, àdéhùn àgbáyé lórí ìrìnnà bàálù, fún yín láti fi ẹ̀sùn ẹrù tó bàjẹ́ sílẹ̀ lórí ìwé, ọjọ́ 21 fún èyí tó pẹ́, láti ọjọ́ tó bá tẹ̀ yín lọ́wọ́.

* * *

Kókó méjì péré fún àwọn tó ń gbé lọ́hùn-ún. Káàdì BRP, ìyẹn káàdì ìgbélùú, ti parí iṣẹ́ ní òpin 2024, eVisa, ẹ̀rí orí íntánẹ́ẹ̀tì, ló kù. Bí ẹ bá gba pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà tuntun, ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ sínú àkáǹtì UKVI (àjọ físà Ìlú Ọba) yín kí ẹ tó rìn, torí òun ni kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ bàálù máa wá. Bí nọ́ńbà àtijọ́ bá ṣì wà níbẹ̀, Èkó lẹ máa wà tí bàálù á fi gbéra.

Ẹni tó bá sì fi mọ́tò já yín sílẹ̀ níwájú tẹ́mínà, kí ó mọ̀ pé owó wà ńbẹ̀ láti 2021. Kò sí ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kámẹ́rà ló ń ka nọ́ńbà ọkọ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti máa san án kí ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ kejì tó lù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìwé owó ìtanràn á bá a nílé.