Bọ́ọ̀dù tí kò ní bátìrì ń kú, ó tún ń tàn lórí ṣájà Type-C: ṣé kí n fọwọ́ kan tàímà inú kernel ni?

Ọmọ Adó:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Èmi àti àbúrò mi ń ṣe bọ́ọ̀dù kékeré kan níbí ní Adó-Èkìtì, tí a fẹ́ gbé sí ilé tí wọ́n ń kó ìrẹsì sí ní Ìgbẹ́mọ, kó máa ka ooru àti ọ̀rinrin inú ibẹ̀. Linux ló wà lórí rẹ̀, kernel (ọkàn Linux) 6.6. Kò ní bátìrì kankan. Ṣájà Type-C nìkan ló ń fún un níná, chip FUSB302 ló sì ń bá ṣájà sọ̀rọ̀ kó lè gba 9V.

Tí a bá ti ki ṣájà bọ̀ ọ́, á tàn, Linux á bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra, kó tó dé ibi tí èèyàn ti lè wọlé, á kú fin-ín. Á tún tàn, á tún kú. Ṣájà àtijọ́ tí kò mọ̀ ju 5V lọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí i, àwọn tó gbọ́ PD (Power Delivery, èdè tí ṣájà àti bọ́ọ̀dù fi ń fẹnu kò lórí iná tó ju 5V lọ) ló ń ṣe é. Mo rí tàímà kan, PD_T_SINK_WAIT_CAP, nínú include/linux/usb/pd.h, 310 ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọ́n sì kọ 310 sí 620 ms sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ṣé kí n sọ ọ́ di 620? Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé kernel kan náà la ń lò fún bọ́ọ̀dù wa kejì tó ní bátìrì, ìyẹn ò sì níṣòro rárá.

Alátùn-únṣe Ìkéré:
Sọ ọ́ di 620, kó o tún kernel kọ́, ó parí. Nọ́ńbà tí wọ́n fàyè gbà ni, kò sí òfin tó o rú.

Ìyá Ìbejì, Ìkọ̀lé:
Bọ̀dá Ìkéré, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn. Gbogbo bọ́ọ̀dù tó bá lo kernel yẹn ni pd.h ń bá wí. Àbúrò sì ti sọ pé òun ní bọ́ọ̀dù kejì tí ara rẹ̀ le. Kí ló dé tí a ó fi fọwọ́ kan ìyẹn?

Àbúrò, jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń pa á, torí tó o bá mọ̀ ọ́n, wàá mọ ibi tó o máa fọwọ́ kàn. Bí wọ́n bá ti so wáyà, ṣájà PD gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ àwọn iná tó lè fúnni láàárín 250 ms. Bọ́ọ̀dù tìrẹ ń dúró dè é, 310 ms ni kernel fún un. Tí kò bá gbọ́ nǹkan kan títí àkókò fi pé, á fi hard reset ránṣẹ́. Ohun tí hard reset túmọ̀ sí fún ṣájà ni pé kó fa VBUS (iná tó ń gba inú wáyà Type-C) wálẹ̀ pátápátá, kó sinmi díẹ̀, kó tó tún tàn án. Fóònù tó ní bátìrì ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Tìrẹ tí kò ní bátìrì, ikú ni! Bọ́ọ̀dù náà ló fẹnu ara rẹ̀ ní kí wọ́n pa iná òun. Ìdí nìyẹn tí ṣájà 5V lásán kò fi pa á: kò gbọ́ èdè PD, kò sì mọ̀ pé wọ́n rán hard reset sí òun.

Ṣùgbọ́n má tíì yí nọ́ńbà kankan. Wo log (àkọsílẹ̀ ohun tí kernel ń ṣe) ná. Tí bọ́ọ̀dù rẹ bá ní ẹsẹ̀ 5V tó ní dáyóòdù, gbé iná gba ibẹ̀ kó má bàa kú mọ́ ẹ lójú, kó o wá ki ṣájà bọ̀ ọ́, kó o ka èyí:

cat /sys/kernel/debug/usb/tcpm-*

Wá SNK_WAIT_CAPABILITIES (ìgbà tí bọ́ọ̀dù ń dúró de ọ̀rọ̀ ṣájà) níbẹ̀, kó o wo ohun tó tẹ̀ lé e àti iye ms tó wà láàárín wọn. Tún yẹ device tree (fáìlì tó ń sọ ohun tó wà lórí bọ́ọ̀dù fún kernel) wò bóyá ẹnì kan kọ `self-powered` (pé bọ́ọ̀dù ní iná tara rẹ̀) sí connector, apá tó ń sọ nípa ihò Type-C. Bọ́ọ̀dù tí kò ní bátìrì kò gbọdọ̀ ní in.

Ọmọ Adó:
Ẹ ṣé gan-an, mà. `self-powered` kò sí níbẹ̀. Bí log ṣe rí nìyí nígbà tí mo gba ẹsẹ̀ 5V:

pending state change SNK_WAIT_CAPABILITIES -> HARD_RESET_SEND @ 310 ms
state change SNK_WAIT_CAPABILITIES -> HARD_RESET_SEND [delayed 310 ms]

Ṣájà sóláà tí a fẹ́ lò ní Ìgbẹ́mọ gan-an ló ṣe èyí. Ṣájà kékeré tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kò ṣe é tí mo bá kì í nígbà tí Linux ti ń ṣiṣẹ́, 9V ló gbà lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá yọ iná ẹsẹ̀ 5V, tí mo fi òun nìkan tan bọ́ọ̀dù láti ìbẹ̀rẹ̀, ikú náà ló tún ń kú.

Ìyá Ìbejì, Ìkọ̀lé:
Àìsàn méjì ló wà lára rẹ̀ nìyẹn, oògùn wọn ò sì jọra.

Ti ṣájà sóláà, ó ń pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Tàímà ló máa wo ìyẹn sàn. Kernel tuntun ti jẹ́ kí a kọ tàímà sínú device tree bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, láìfọwọ́ kan pd.h. Wá `sink-wait-cap-time-ms` nínú drivers/usb/typec/tcpm/tcpm.c. Tó bá wà níbẹ̀, kernel rẹ mọ̀ ọ́n. Tí kò bá sí, gba kernel tuntun. Lẹ́yìn náà, kọ ọ́ báyìí sí connector:

connector {
    compatible = "usb-c-connector";
    power-role = "sink";
    sink-pdos = <PDO_FIXED(5000, 3000, PDO_FIXED_USB_COMM)
                 PDO_FIXED(9000, 2000, 0)>;
    op-sink-microwatt = <10000000>;
    sink-wait-cap-time-ms = <500>;
};

Mo fi sí 500, mi ò fi sí 620, torí pé 620 ni òpin. Linux lè pẹ́ díẹ̀ kó tó dá tàímà lóhùn tí iṣẹ́ bá pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wàá sì ti ré kọjá òpin náà láìmọ̀. Bọ́ọ̀dù kejì tí kò ní ìlà yìí á máa lo 310 rẹ̀ lọ.

Ti ṣájà ṣọ́ọ̀bù, tàímà kò lè ràn án lọ́wọ́ rárá. Iná ti wà lára bọ́ọ̀dù kí kernel tó jí. Ṣájà ń polongo ní gbogbo 100 sí 200 ms, ọ̀pọ̀ wọn á sì dákẹ́ tí wọ́n bá ti ṣe é nígbà 50 tí ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Bíi ìṣẹ́jú-àáyá 5 sí 10 nìyẹn. Ọlọ́jà tó ti kiri kọjá ojúlé ẹ, bó o dúró pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, kò ní padà wá. Àfi kó o pè é. Kernel tuntun máa ń pè é: tí kò bá sí `self-powered`, á kọ́kọ́ fi Get_Source_Cap béèrè iná tí ṣájà lè fúnni kó tó ronú hard reset. Ṣùgbọ́n mi ò ní gbára lé ìyẹn nìkan. Báwo ni tcpm, apá kernel tó ń bá ṣájà sọ èdè PD, ṣe ń gbéra lọ́dọ̀ ẹ, ṣé module (fáìlì ọ̀tọ̀ tí kernel ń gbé wọlé lẹ́yìn tó bá ti jí) ni?

Ọmọ Adó:
Module ni, mà. Ó ń dúró kí rootfs (ibi tí àwọn fáìlì Linux wà) ṣí tán kó tó wọlé.

Ìyá Ìbejì, Ìkọ̀lé:
Ibẹ̀ ni! Sọ CONFIG_TYPEC_TCPM àti CONFIG_TYPEC_FUSB302 di y (kí wọ́n wà nínú kernel fúnra rẹ̀), kí dírẹ́fà I2C rẹ, ọ̀nà tí kernel fi ń bá FUSB302 sọ̀rọ̀, náà jẹ́ y. Á dá ṣájà lóhùn kí rootfs tó ṣí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́:
Ẹ jọ̀ọ́ mà, tí mo bá ń bá ibẹ̀ lọ, mo rí `cc-debounce-time-ms`, `ps-source-off-time-ms` àti `sink-bc12-completion-time-ms` náà. Ṣé kí a kọ gbogbo wọn síbẹ̀ ni?

Ìyá Ìbejì, Ìkọ̀lé:
Rárá o. Èyí tí log kò bá bẹ̀bẹ̀ fún, fi í sílẹ̀. CC debounce wà fún mímọ̀ bóyá wáyà wọlé lóòótọ́, 100 sí 200 ms, 200 ni kernel ń lò. PsSourceOff wà fún ìgbà tí ẹni tó ń fúnni níná àti ẹni tó ń gbà á bá ń pààrọ̀ ipò. Bọ́ọ̀dù tó jẹ́ sink (agbaná) nìkan kò ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Ti BC1.2 wà fún chip tó ń yẹ irú ṣájà wò lọ́wọ́ kan náà tí PD ń lọ, tí ìyẹn sì ń mú un pẹ́ dáhùn. Odo ni kernel ń lò fún un.

Alátùn-únṣe Ìkéré:
Mo gbà fún yín, mà. Ti device tree yẹn dára ju tèmi lọ. Ṣé yóò sọ fún wa tí a bá kọ 900 síbẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Ìkọ̀lé:
Àṣẹ `make dtbs_check`, tó ń yẹ device tree wò, á pariwo, bọ̀dá. Ẹ máa ṣe é kí ẹ tó gbé fáìlì sórí bọ́ọ̀dù.

Ọmọ Adó:
Mo ti gba kernel tuntun, mo sọ wọn di y, mo kọ 500. Ṣájà sóláà gbé e láti òkùnkùn títí ó fi gbéra tán, ti ṣọ́ọ̀bù náà gbé e. Nígbà tí mo ka voltage_now lábẹ́ /sys/class/power_supply/tcpm-source-psy-*, 9000000 ni mo rí. Ẹ ṣé, ìyá wa, ẹ ṣeun púpọ̀. Bọ́ọ̀dù kejì, mi ò fọwọ́ kan device tree rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Ìkọ̀lé:
Ó dára bẹ́ẹ̀. Kó o tó gbé e lọ Ìgbẹ́mọ, lo wáyà gígùn tí ẹ máa lò níbẹ̀ gan-an láti dán an wò, kó o sì jẹ́ kí bátìrì sóláà náà ti fẹ́ẹ̀ tán. Ka log lẹ́yìn rẹ̀, kó o fi ránṣẹ́ síbí.